Kárọ́ọ̀tì Tí Kò Gbọdọ̀ Fojú Kan Iná

Lórí ìlà ìsanwó ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Vietnam kan ní àdúgbò Alief lókè òkun, ìyá méjì níwájú mi ń sọ̀rọ̀, wọ́n rò pé àwọn nìkan ló gbọ́ Yorùbá.

"Ìyàwó ọmọ mi, ará Vietnam yẹn, ń bọ̀ ní Sọ́ńdè. Mo fẹ́ kó bá kárọ́ọ̀tì tiwọn yẹn, èyí tí wọ́n ń rẹ sínú fínígà kíkan, lórí tábìlì mi. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe rọ̀ bí ẹ̀kọ."

"Àbí ẹ bọ̀ ọ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Mo bọ̀ ọ́ dáadáa."

"Ẹ wò ó, iyọ̀ lẹ máa fi ra á, kẹ́ ẹ fún omi ẹ̀ dànù. Kò gbọdọ̀ fojú kan iná."

"Kí n gbé nǹkan tí mi ò sè fún un? Á ní mi ò dáná de òun."

Ìlà sún. Ẹ̀gbọ́n náà wo kárọ́ọ̀tì ọwọ́ ẹ̀ títí.

"Ó dáa, mi ò ní sè é. Ṣùgbọ́n mo máa dín ẹja gbígbóná tì í, kó mọ̀ pé mo dáná."