Ọmọrógùn Tí Mo Dì Fún Bàbá Ṣadé

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, lọ́jọ́ tí a fẹ́ ti ọ́fíìsì fún ìsinmi Kérésìmesì. Ọ̀gá wa wà níbẹ̀. Àǹtí Bísí tó ń tẹ̀wé wà níbẹ̀, pẹ̀lú Làmídì awakọ̀, Bàbá Ṣadé akọ̀wé, àti èmi pẹ̀lú àwọn méjì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní sítọ́ọ̀. Gbogbo wọn ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣojú wọn. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ọwọ́ mi ló ti wá.

Ó ti pé ọdún mẹ́jọ báyìí. N kò sọ ọ́ fún àlùfáà ìjọ wa, n kò sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi. Èmi kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Mo ti dàgbà kí n tó mọ ìwé kà, ilé-ìwé alẹ́ ni mo lọ. Ohun tó mú mi kọ èyí ni pé wọ́n rán mi níṣẹ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. N kò lè jẹ́ iṣẹ́ náà, n kò sì lè dá a padà.

Sábó ni ọ́fíìsì wa wà. Ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé ni a ń tà. Tẹ́lẹ̀, ọ̀gá máa ń fún olúkúlùkù wa ní ìrẹsì àti òróró tí ọdún bá dé. Lọ́dún yẹn nǹkan le, ó ní kò sí. Àǹtí Bísí ló wá ní kí a má jẹ́ kí ọdún lọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí kálukú ra nǹkan kékeré, kí ó fi bébà ìwé ìròyìn dì í, kí ó má kọ orúkọ sí i. A ó kó gbogbo rẹ̀ sínú páálí, a ó sì pín in lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gba tirẹ̀ yóò dìde, yóò tú u lójú gbogbo èèyàn, yóò sì sọ ẹni tí yóò lò ó nílé. Bí ó bá wu ẹnikẹ́ni tí kò tíì kàn, onítọ̀hún lè já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín eré náà wà.

"Nǹkan táṣẹ́rẹ́ ni o," ni Àǹtí Bísí ń wí káàkiri. "Ọṣẹ, òòyà, ife, agolo sàdíìnì. Ẹni tó bá lọ ra ohun tó wọ́n, kó má wá bínú tí wọ́n bá já a gbà."

Wọ́n ní èmi ni kí n gba ẹrù lọ́wọ́ kálukú, kí n sì máa pín in. Wọ́n ní èmi ni n kì í sọ̀rọ̀, n kò ní ṣe ojúsàájú.

Ọdún tó ṣáájú ìyẹn ni ìyàwó mi kú. Búrẹ́dì àti ẹ̀wà ni mo ń jẹ lọ́sàn-án. Bàbá Ṣadé ní tirẹ̀ máa ń gbé oúnjẹ wá nínú kúlà. Yóò ṣí i lórí tábìlì, òórùn ọbẹ̀ yóò gba gbogbo yàrá. Yóò wá pè mí.

"Bàbá Sítọ́ọ̀, búrẹ́dì yẹn náà tún ni? Ẹ wá wo ohun tí Ìyá Ṣadé sè. Ẹ lọ fẹ́yàwó o! Ọkùnrin tí ò ní obìnrin nílé, eku ló ń bá a jẹun."

Wọn a rẹ́rìn-ín. Èmi náà a rẹ́rìn-ín. Bóyá kò mọ̀ pé ó ń dùn mí. Bóyá ó mọ̀. N kò bi í rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ya ọ̀dọ̀ àbúrò mi ní Múṣin. Mo rí Bàbá Ṣadé nídìí obìnrin kan tó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá títì. Kúlà yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà ń bu ìrẹsì sí i. Mo fara pamọ́ títí ó fi lọ. Mo wá lọ ra ẹ̀wà, mo sì bi obìnrin náà bóyá ó mọ ọkùnrin yẹn.

"Oníbàárà mi ni," ó ní. "Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ bá ọkùnrin mìíràn. Ó máa ń ní kí n to ẹran sórí rẹ̀ dáadáa, kó lè dà bí ẹni pé ìyàwó ilé ló bù ú."

Ó yẹ kí àánú rẹ̀ ṣe mí, èmi tí mo ń dá sè, tí mo ń dá jẹ. Àánú rẹ̀ kò ṣe mí. Inú mi dùn. Ẹ jọ̀ọ́, òtítọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ó pẹ́ tí inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀.

Mo ra ọmọrógùn, èyí tó gùn tí wọ́n fi ń ro àmàlà fún ilé tó kún. Mo fi bébà dì í. Mo fi okùn dúdú so ó, kí n lè dá a mọ̀ nínú páálí.

Nígbà tó kan Bàbá Ṣadé, mo mú un jáde, mo nà án sí i. Ó dìde tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó tú u. Ẹ̀rín sọ.

"Bàbá Ṣadé, iṣẹ́ dé!" ni ọ̀gá wí.

Àǹtí Bísí ń pàtẹ́wọ́. "Ta ni yóò lò ó nílé? Ẹ sọ ọ́! Ta ni yóò lò ó?"

Bàbá Ṣadé ń wo àwọn tí kò tíì kàn, bóyá ẹnìkan lè já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wu ẹnikẹ́ni. Ó dúró pẹ̀lú igi yẹn lọ́wọ́ níwájú wa, wọ́n sì ń béèrè, "Ta ni? Ta ni?" Mo ń wò ó. Mo jẹ́ kí ó pẹ́. N kò mú ẹ̀bùn tó kàn jáde.

Làmídì ló fò dìde. Bí ó ṣe jẹ́ aláwàdà tó, kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. "Èmi já a gbà!" ó ní. "Ẹ gbé e wá, èmi ni mo fẹ́ ẹ."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Làmídì nìkan ni Bàbá Ṣadé sọ fún nínú ọ́fíìsì wa pé ìyàwó òun ti lọ. Ọ̀dọ̀ ìyàwó Làmídì ni Ṣadé ọmọ rẹ̀ ń dúró sí tó bá ti ilé-ìwé dé. Làmídì fẹ́ yọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ìtìjú ni. Ṣùgbọ́n Bàbá Ṣadé wò ó, ojú rẹ̀ yí padà.

"Làmídì, ìwọ ni," ó ní. "Ìwọ nìkan ni mo sọ fún pé obìnrin yẹn ti kọ̀ mí. O gbé e síta tán, o wá fẹ́ fọwọ́ bò ó."

Báyìí ni ó ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún gbogbo ọ́fíìsì.

"Mo fi Ọlọ́run búra," ni Làmídì wí.

Bàbá Ṣadé kọjú sí mi. "Bàbá Sítọ́ọ̀, ẹ̀yin lẹ gba ẹrù lọ́wọ́ kálukú. Ta ló mú èyí wá?"

Mo wo Làmídì, mo sì gbé ojú mi sílẹ̀. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Ó tó.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Bàbá Ṣadé lọ mú ọmọ rẹ̀ kúrò nílé Làmídì. Ó rán an lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ní Ìjẹ̀bú. Ọmọ náà sunkún gan-an, wọ́n ní àwọn ọmọ Làmídì ni ó ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Àwọn ọkùnrin méjèèjì kò kí ara wọn mọ́ títí Làmídì fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Èmi ni Bàbá Ṣadé wá mú lọ́rẹ̀ẹ́. Ó ní èmi kò bá wọn rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń wá, a ó jọ sè, a ó jọ jẹ. Mo ti fẹ́ràn rẹ̀. Èyí ló burú jù nínú rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá Làmídì ránṣẹ́ pè mí sí Sùúrùlérè. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un lápá kan, ẹnu rẹ̀ ti wọ́. Ó ní, "Bàbá Sítọ́ọ̀, ẹ bá mi bẹ Bàbá Ṣadé. Tiyín ló ń gbọ́. Mo fẹ́ rí i kí n tó lọ."

Mo lọ bẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi fúnra mi. Bàbá Ṣadé ní, "Kò burú. Kó jẹ́wọ́ ohun tó ṣe. Tó bá ti jẹ́wọ́, n ó wá. Tó bá tún búra irọ́, kó máa lọ."

N kò sùn. Mo ní n ó sọ òtítọ́ fún un tílẹ̀ bá mọ́.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọ̀dọ̀ Làmídì ni mo padà lọ. Mo jókòó tì í. Mo ní, "Gbà pé ìwọ ni. Kí ọ̀rọ̀ yìí lè tán."

Ìyàwó rẹ̀ gbé orí sókè. "Kí ló fẹ́ gbà? Ohun tí kò ṣe?"

Làmídì ní kó dákẹ́. Ó bi mí pé, "Tí mo bá gbà, ṣé yóò wá?"

Mo ní yóò wá.

"Ẹ sọ fún un pé èmi ni," ó ní. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ di ọwọ́ mi mú, ó ń dúpẹ́. Mo ní kò tọ́pẹ́.

N kò tíì jẹ́ iṣẹ́ náà fún Bàbá Ṣadé. Tí mo bá jẹ́ ẹ, Làmídì yóò ru ẹ̀ṣẹ̀ mi wọ sàréè. Tí mo bá sọ òtítọ́, àwọn méjèèjì ni n ó pàdánù, kò sì ní sí ẹni tí yóò máa wá sílé mi mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó mọ̀ jù mí lọ, ẹ sọ ohun tí mo lè ṣe. Ẹ má pẹ́. Wọ́n ní Làmídì kò jẹun lánàá, wọ́n ní ẹnu ọ̀nà ló ń wò.