Wáyà Gígùn Tí Mo Gbé Lọ Sílé

Ẹ̀yin ará ibi iṣẹ́ wa, ẹ fi ìdí balẹ̀ kí ẹ gbọ́ mi. Ohun tó wà nínú mi yìí kò jẹ́ kí n jókòó, kò jẹ́ kí n dìde, bí mo bá sì tún gbé e mì lónìí, á pa mí. Kò sóhun tó ṣe ojú Ìyá Onírúlà. Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn.

Ẹ mọ̀ mí, èmi tí ẹ ń pè ní Awádìí, tí mo ti yunifásítì dé tí mo ń ṣe bí ẹni pé kò sí kọ̀ǹpútà tó lè fi nǹkan pamọ́ fún mi. Bí nǹkan bá bàjẹ́, inú mi á máa dùn, àlọ́ ni mo kà á sí. Ẹ sì mọ ìyá náà, tó ti ń ya àwòrán ilẹ̀ níbí láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń fi ọwọ́ yà á, tí rúlà onígi rẹ̀ kì í kúrò nínú báàgì. Nígbà tí wọ́n ra síkíríìnì ńlá fún un, kó má baà máa fi imú kan èyí kékeré, èmi ni wọ́n ní kí n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Wáyà tuntun tó gùn dáadáa bá a wá. Ó wọ̀ mí lójú. Mo gbé e lọ sílé fún síkíríìnì tèmi, mo fi ògbólógbòó kan tó kúrú rọ́pò rẹ̀. Wáyà lásán ṣáà ni, bí mo ṣe sọ fún ara mi nìyẹn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi pè mí. “Awádìí, ọkọ mi, wá wò ó. Nǹkan yìí tún ti ṣú mọ́ mi lójú.” Mo débẹ̀, síkíríìnì ń tàn yòò. Mo pa á, mo tan án. Mo yọ wáyà kúrò nínú ihò kan, mo kì í bọ òmíràn. Mo jókòó sórí àga rẹ̀ fún odidi wákàtí kan, kò ṣẹ́jú. Kí n kẹ́yìn sí i báyìí, ó tún ti ṣú. Ìgbà mẹ́sàn-án ló pè mí lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Àwọn ará yàrá kejì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: “Awádìí, ṣé eléyìí ti ju agbára rẹ lọ ni?” Nígbà tí ọ̀gá wá bi mí pé kí ló ṣe é, ẹnu mi kọ “mi ò mọ̀.” Mo ní, “Ọ̀gá, kò sóhun tó ṣe síkíríìnì yẹn o. Bóyá kí wọ́n bá màmá yẹ ojú wò.”

Ká ní mo dúró síbẹ̀ ni, ì bá sàn. Lọ́jọ́ kẹta, mo ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo sì rí i. Ìyá náà kò ga. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀ bó bá jókòó, àpótí kọ̀ǹpútà tó wà lábẹ́ tábìlì ló máa ń fi tì. Bó bá ti tì í, tí àpótí fì sẹ́yìn díẹ̀ báyìí, wáyà kúkúrú á fà, orí rẹ̀ á yẹ̀ nínú ihò, síkíríìnì á ṣú. Bó bá dìde láti wá mi, àpótí á padà sáyè rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á dé. Èmi ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, kí ni ẹsẹ̀ mi fẹ́ wá dé orí àpótí? Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo rántí pé bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á bèèrè wáyà gígùn.

Ọ̀gá ní ká péjọ, ká jọ wo ohun tí ìyá ń wí. Kí ẹnikẹ́ni tó dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo yọ́ wọlé, mo fi okùn so àpótí mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, mo ti orí wáyà wọ ihò gbọn-in. Ìyá jókòó, ó yàwòrán títí di ọ̀sán níṣojú yín. Kò ṣú lẹ́ẹ̀kan. Ẹnìkan ní, “Màmá, àbí oorun lẹ ń sùn?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, èmi aláìnítìjú! Ìyá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù. Ó ní, “Ó dáa, ojú mi ni. Ẹ má bínú. Mi ò ní fa ààlà ilẹ̀ onílẹ̀ gba ibi tí kò tọ́.” Kò sẹ́ni tó lé e. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé báàgì rẹ̀, tó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ní Sátidé tó kọjá, mo lọ kí i. Ó jókòó nínú yàrá tí oòrùn kún, lẹ́tà ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, kò tíì ṣí i. “O káre tó o wá. Bá mi kà á.” Mo ní dókítà ojú ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín. “Dókítà ní ojú mi dáa. Kí ló mọ̀? Ìwọ tó ò ń tú nǹkan dé ìdí lo ti rí i pé ojú ni. Àìsàn náà ló ń sá pamọ́ fún un.” Mo ka lẹ́tà náà fún un dé òpin. Ó sìn mí dé orí àtẹ̀gùn, ó ń fọwọ́ tọ ògiri. Mo ti débi tí àtẹ̀gùn parí sí nísàlẹ̀ nígbà tó ké sí mi: “Awádìí! Okùn bàtà òsì rẹ ti tú, má fi ṣubú o.”

Wáyà náà nìyí lórí tábìlì ọ̀gá. Ẹ ṣe mí bó bá ṣe yẹ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn àlọ́ bíi tèmi, “mi ò mọ̀” kò pa ẹnikẹ́ni rí; kí ẹ sì tó wádìí ọwọ́ ẹlòmíràn, ẹ kọ́kọ́ wo tiyín. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín: kí ẹ tó lé mi, ẹ bá mi dé ilé ìyá. Bí èmi nìkan bá lọ sọ ọ́, á ní àánú òun ló ń ṣe mí, kò ní gbà. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ. Oòrùn ṣì wà lókè. Ìyá yóò rí wa láti òkèèrè.