Wàrà Ni Mo Ń Wò

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ tí màá sọ fún opó ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó máa ń yà jẹun lọ́dọ̀ mi ní àdúgbò Basin bí wọ́n bá ti ilé-kéwú dé, wọn kì í yà mọ́. Ìyá wọn ló dá wọn dúró. Fíìmù ló fà á.

Sàídù, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ka Poli, ló ń ṣe fíìmù. Ó ní òun fẹ́ lo ojú mi torí kì í sọ nǹkan kan. Òótọ́ ni, ojú yẹn ni mo fi ń tan gbogbo àdúgbò. Ó mú mi jókòó síwájú kámẹ́rà, ó gbé abọ́ wàrà díndín kalẹ̀, ó ní, "Má ṣe nǹkan kan, ṣáà máa wò ó." Ebi ń pa mí, mo wò ó, mo gbé itọ́ mì. Nígbà tó ṣe tán, mo jẹ ẹ́, mo sì lọ sílé.

Nígbà tí fíìmù jáde, wàrà ti pòórá. Òkú ẹni tó ṣe ẹ̀gbọ́n mi nínú eré ló wà níbẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun dì í. Wọ́n fi òkú hàn, wọ́n fi ojú mi hàn, mo gbé itọ́ mì, wọ́n wá fi opó hàn. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ o, síbẹ̀ gbogbo ẹni tó wò ó ló mọ̀ pé èmi ni mo pa á, nítorí ìyàwó rẹ̀. Obìnrin kan dá mi dúró ní Ọ̀fà Garage: "Ṣé ìwọ lo pa ẹ̀gbọ́n ẹ? Ọlọ́run ń wò ẹ́." Ẹ̀rín pa mí. Àfi ìgbà tí Ìyá Àlíyà, opó ẹ̀gbọ́n mi gangan, wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì pẹ́ nílẹ̀. Sàídù sì wà níbi tí a ti sin ín.

Mo sọ fún Ìyá Àlíyà pé wàrà ni mo ń wò. Ó ní, "Bàbá Kékeré, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀." Ta ló máa gba èmi gbọ́? Ojú yìí kan náà ni mo fi sọ fún un lọ́jọ́sí pé ìjọba ń gba owó-orí ewúrẹ́, tó lọ fi tirẹ̀ pamọ́ sí yàrá.

Mo bẹ Sàídù kó wá ṣàlàyé. Ó wá, ó mu omi, ó ní, "Wàrà wo? Ọkùnrin yìí mọ eré ṣe jàre. Èmi ò kọ́ ọ, inú ara ẹ̀ ló ti mú ojú yẹn wá." Níta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé apá kejì ń bọ̀, ta ló máa wo eré wàrà?

Lánàá, mo gbé oúnjẹ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ náà. Ìyá wọn dá a padà bó ṣe wà. Mo sunkún ẹ̀gbọ́n mi, àmọ́ ẹ̀yìn táǹkì omi ni mo ti sun ún, ẹnikẹ́ni ò rí mi. Kí ni kí n sọ fún un báyìí, tí kò ní dà bí eré létí rẹ̀?