Ìṣẹ́jú Àáyá Tí Mo Fún Wọn

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó nínú gbọ̀ngàn yìí lọ́sàn-án òní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí mi kí wọ́n tó gbé àwòrán bàbá àgbà mi kọ́ ara ògiri, kí ẹnikẹ́ni tó dìde láti yìn ín. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun fún ọdún mọ́kànlá. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi ò tíì pé ogún ọdún, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ti ń dùn ún, kò lè sáré mọ́. Ẹ mọ̀ mí: èmi ọmọ tó máa ń sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn bí àlejò bá wọlé. Bí mo bá dìde níwájú yín, ohùn mi ò ní jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé, tí mo sì bẹ ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí gbogbo yín ń pè ní Àkàbà, pé kó bá mi kà á sókè. Ẹ̀gbọ́n mi, o rò pé ìyìn bàbá àgbà ni mo kọ. Má bínú, kì í ṣe ìyìn. Mi ò jẹ́ kó o kà á tẹ́lẹ̀ nítorí mo mọ̀ pé wàá fà á ya. Máa kà á lọ. Má dúró, bó ti wù kó rí.

Gbogbo yín lẹ mọ iṣẹ́ bàbá àgbà mi. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi jókòó ti aago nínú gbọ̀ngàn bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n yìí, lẹ́yìn tábìlì gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ìka rẹ̀ ló ń tẹ bọ́tìnì tí aago fi ń rìn, ìka rẹ̀ náà ló ń dá a dúró. Bàbá Aago lẹ̀ ń pè é. Òun ló tọ́ èmi àti Àkàbà nígbà tí àwọn òbí wa ò sí mọ́. Àkàbà lọ sílé ẹ̀kọ́, ó sì di agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ wa. Ní tèmi, ojú ń tì mí débi pé ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo lò níbẹ̀, ni bàbá bá ní kí n máa bọ̀, òun á kọ́ mi nílé. Ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù sí ni mo fi mọ̀wé kà. Ara aago yẹn náà ni mo ti mọ òǹkà. Bàbá á ní, "Ọ̀kan, mí sínú. Èjì, mí síta. Àkókò kì í ṣe ti ẹnì kan, ọmọ mi. Àwa kàn ń bá wọn ṣọ́ ọ ni." Ó sọ ọ́ fún mi títí ó fi sú mi. Ó yẹ kó tún sọ ọ́ sí i.

Ìgbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni awọ funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú bàbá. Èmi nìkan ló sọ fún. Ó ní bí Alága ẹgbẹ́ bá gbọ́, wọn á ní kí òun máa lọ sílé. "Ilé wo ni mo fẹ́ lọ? Ṣebí ibí nilé." Bí mo ṣe di ẹni tó ń jókòó tì í nìyẹn. Àwọn èèyàn rò pé omi ni mò ń bù fún un. Lábẹ́ tábìlì, ìka mi wà lórí orúnkún rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù wọ pápá, rẹfirí á na ọwọ́ rẹ̀ sókè. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kan agbábọ́ọ̀lù kan, rẹfirí á sọ ọwọ́ náà kalẹ̀, èmi á tẹ orúnkún bàbá, bàbá á tẹ aago. Láti dá a dúró, kò nílò mi, etí ló fi ń gbọ́ fèrè. Aago wa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gbéra, bí ìgbà téèyàn ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n bó ṣe ń pẹ́ fún onílé ló ń pẹ́ fún àlejò. Mo fi ìyẹn tu ara mi nínú. Ẹ ò rí i? Kí n tó ṣe èyí tó burú ni mo ti mọ àwáwí í ṣe.

Ẹgbẹ́ wa nígbà náà, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n wà nínú líìgì. Àwọn òǹwòran á máa pariwo pé, "Ẹ bá wọn gbé àwọ̀n yẹn wá sílẹ̀, ọwọ́ wọn ò tó o!" Alága ti búra pé bí wọ́n bá tún ṣe ìkẹyìn lọ́dún yẹn, òun á ti ilẹ̀kùn. Sísín ló kọ́kọ́ mú mi ṣì í ṣe. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá méjì, ẹgbẹ́ wa fẹ́ ju bọ́ọ̀lù wọlé, bí mo ṣe sín nìyẹn. Nígbà tí ìka mi fi padà sórí orúnkún, Àkàbà ti rìn jìnnà. Ó jù ú, ó wọlé, a borí. Lọ́jọ́ yẹn, ó gbé mi yí gbogbo iyàrá po. Ó ní, "Àbúrò, ṣó o rí i? Àfi bí ẹni pé ayé dúró dè mí!" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi tí mi ò lè kí aládùúgbò láìwolẹ̀, èmi ni mo dá ayé dúró. Nígbà kejì, mi ò sín.

Ẹ̀ẹ̀mejìlá ni mo ṣe é láàárín ọdún méjì. Ìparí eré nìkan, ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá jẹ́ tiwa nìkan, díẹ̀ bíńtín. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gòkè, tí gbọ̀ngàn yìí ń kún débi pé àwọn èèyàn ń jókòó sórí àtẹ̀gùn. Wọ́n ń dáṣà pé, "Bó bá ti ku ìṣẹ́jú àáyá méjì, ẹ gbé e fún Àkàbà, kẹ́ ẹ máa lọ wá bàtà yín." Ṣùgbọ́n ohun tí mi ò rò ni ti Kóòṣì. Kóòṣì gbà gbọ́ pé àṣírí kan wà lára àwọn ọmọ òun. Ó wá ń fi í kọ́ wọn. Níbi ìdánrawò, kì í lo aago, ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń ka ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn, ó sì ń kà á bó ṣe máa ń rí lọ́jọ́ eré: gígùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ má kánjú! Ẹ lù ú mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó jù ú. Àyè wà!" Mo máa ń jókòó níbi tí mo ti ń ká aṣọ wọn, mo ń gbọ́ ọ. Kò sí àyè kankan. Ìka mi ni àyè.

Ọjọ́ àṣekágbá dé. Àwọn àlejò fi àmì kan ṣíwájú, ó ku ìṣẹ́jú àáyá kan. Rẹfirí ọjọ́ náà ni ọkùnrin tẹ́ ẹ máa ń pè ní Má-wojú, nítorí kì í wojú ẹnikẹ́ni bó bá fẹ́ fun fèrè, ì báà ṣe Alága. Ó na ọwọ́ sókè. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù, ó kan Àkàbà, ọwọ́ Má-wojú sọ̀kalẹ̀ wàrà. Mo rí i. Ojú mi méjèèjì ló rí i. Mo gbé ìka mi sókè kúrò lórí orúnkún bàbá. Àkàbà lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà yẹn ni mo tó tẹ orúnkún. Ó yí padà, ó fò, ó jù ú. Bọ́ọ̀lù wà lókè kí aago tó ké. Ó wọlé. Ariwo sọ, àjà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Kóòṣì àwọn àlejò sáré wá síbi tábìlì: "Ìṣẹ́jú àáyá kan wo nìyẹn? Èèyàn lu bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejì, ó yíra padà, kò wá jókòó jẹun sí i?" Má-wojú tẹ̀ ba bàbá, ó bi í pẹ̀lẹ́ pé, "Bàbá, ṣé aago yìí dá yín lójú?" Bàbá ní, "Ó dá mi lójú." A gba ife.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Lọ́sẹ̀ kejì, àwọn aláṣẹ eré pè wá sí ọ́fíìsì kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwọn mẹ́ta ló jókòó, Má-wojú dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, fèrè rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn. Obìnrin tó jókòó láàárín ní, "Bàbá, aago pẹ́ kó tó gbéra. Ẹ ṣàlàyé fún wa." Ó wá fa bébà kan síwájú bàbá, ó ní kó ka ohun tó wà níbẹ̀ kó sì fọwọ́ sí i. Mo rí ọwọ́ bàbá tó ń wá etí bébà náà kiri lórí tábìlì. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n mọ̀. Ẹnu mi là. Èmi tí mi ò sọ̀rọ̀ lójú àlejò rí, mo ní, "Rẹfirí ló pẹ́ kó tó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ là ń wò." Gbogbo wọn yíjú sí mi. Fídíò tí wọ́n ní, bọ́ọ̀lù nìkan ló gbé, kò gbé ọwọ́ rẹ̀. Má-wojú rọra bi mí pé, "Ọmọ mi, o rí ọwọ́ mi?" Mo ní, "Mo rí i, sà. Ó pẹ́." Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó ní, "Irú ọmọ báyìí tí kì í sọ̀rọ̀, tó bá sọ̀rọ̀, òótọ́ ni." Ẹ wo ìtìjú mi bí mo ṣe fi ṣe ohun ìjà. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Má-wojú títí ayé. Ó bọ́ fèrè lọ́rùn, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì jáde láìti ilẹ̀kùn. Nígbà tí gbogbo wọn dìde, mo mú fèrè náà. Mi ò mọ ìdí. Ó wà nínú àpótí abẹ́rẹ́ mi láti ọjọ́ yẹn títí di àná, mi ò sì lè rán aṣọ kí ọwọ́ mi má kàn án.

Ẹ mọ ìyókù. Ife yẹn gbé wa lọ sí líìgì ńlá, níbi tí gbọ̀ngàn tuntun wà, tí ẹlòmíràn ń ṣọ́ aago. Ni ìṣubú bá dé. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni aago ké tí bọ́ọ̀lù ṣì wà lọ́wọ́ Àkàbà. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án! Wọ́n ń lù ú lẹ́ẹ̀mejì bí wọ́n ṣe kọ́ wọn, àkókò sì ti tán. Àwọn òǹwòran wa ní, "Àkàbà ti dògbó." Kóòṣì ní, "Kí ló dé tó o lọ́ra báyìí?" Ẹ̀gbọ́n mi ń jí sáré kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ń fo okùn títí orúnkún rẹ̀ fi wú, ó ń bi mí pé, "Àbúrò, kí ló ń ṣe ẹsẹ̀ mi?" Èmi ń fi omi gbígbóná jó orúnkún fún un. Ọdún kẹta, Alága tú ẹgbẹ́ ká. Àkàbà ò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù mọ́.

Nígbà tí àìsàn dá bàbá dùbúlẹ̀ lóṣù tó kọjá, ó pè mí súnmọ́ra. Ó ní, "Ojú ló fọ́ o, etí mi ò di. Mo gbọ́ tí bọ́ọ̀lù lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ìka rẹ tó kàn mí. Mo lè tẹ ẹ́. Mo dúró dè ọ́." Mo bú sẹ́kún. Ó ní, "Àwa méjèèjì la jalè. Má jẹ́ kí wọ́n yìn mí títí rẹfirí yẹn á fi gbọ́ òtítọ́." Ọjọ́ kẹta ló kú. Ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn, mo wá Má-wojú lọ. Ó ń ṣọ́ ẹnu géètì ilé ẹ̀kọ́ kan. Mi ò lè sọ ọ́ lẹ́nu. Mo kàn ní kó wá síbí lónìí. Ó bi mí pé, "Ṣé wọ́n fẹ́ mi níbẹ̀?" Mo ní, "Èmi ni mo fẹ́ yín níbẹ̀, sà."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má gbàgbọ́ pé ẹni tó ń ṣojú rere séèyàn nínú òkùnkùn ń ràn án lọ́wọ́. Mo ran ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ títí kò fi mọ bí ìṣẹ́jú àáyá ṣe gùn mọ́. Àkàbà, o ò lọ́ra rí. Ẹsẹ̀ rẹ ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo fi aago tí kò sí kọ́ ọ.

Ẹ wẹ̀yìn, ọkùnrin tó jókòó nítòsí ilẹ̀kùn, tó di fìlà rẹ̀ mú lórí itan, òun ni Má-wojú. Ọwọ́ rẹ̀ ò pẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yin aláṣẹ tó wà níbí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà á fọwọ́ sí i. Rẹfirí wa, mo bẹ̀ yín, sà. Mi ò ní kẹ́ ẹ dárí jì mí lónìí. Mo kàn ní kí gbogbo èèyàn gbọ́ pé ẹ ò jẹ̀bi. Ẹ̀gbọ́n mi, fèrè rẹ̀ wà nísàlẹ̀ àpò ìwé tó o mú lọ́wọ́ yẹn. Mú un lọ bá a. Má wò mí tó o bá ń kọjá. Rìn pẹ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni ò ṣọ́ aago.