Mo Ti Juwọ́ Sílẹ̀ Kí N Tó Borí

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ jókòó. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a; ó ti lé tèmi bá. Ipò olùkọ́ tí mo fi ń yan bí àkùkọ yìí, mo jí i ni.

Ẹ mọ̀ pé àdàlù ni ìjà àwọn ará Japan tí à ń kọ́ yìí: a ń ju ẹ̀ṣẹ́, a ń tàpá, a ń gbé ara wa ṣánlẹ̀, a sì ń fún ara wa lọ́rùn. Akoto onígíláàsì ń gba ojú là, ṣùgbọ́n ọrùn kò ní akoto. Bó o bá ti fọwọ́ gbá ẹni tó fún ọ lọ́rùn, o ti juwọ́ sílẹ̀ nìyẹn, ó sì gbọ́dọ̀ tú ọ sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá wa fẹ́ fi gbọ̀ngán yìí lé ẹnì kan lọ́wọ́, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, Káfíńtà, ló kù. Ọ̀gá ní kí a jà, pé ẹni tó bá borí ni yóò jogún rẹ̀. Káfíńtà gbá mi mú látẹ̀yìn, ó fi kọ́là aṣọ mi fún mi lọ́rùn, ojú mi ń ṣú. Mo fọwọ́ gbá a nítan níbi tí rẹfirí kò ti lè rí i. Kíá ló tú mi sílẹ̀, ó tiẹ̀ nawọ́ sí mi kí n lè dìde. Èmi ọ̀dàlẹ̀ gba ọwọ́ náà, mo fà á, mo gbé e ṣánlẹ̀. Ó kígbe pé mo ti juwọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá bi mí. Mo wo ojú ọ̀rẹ́ mi, mo ní, "Irọ́ ni. Ọwọ́ rẹ̀ ló yọ̀." Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí tí kò fi wá mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín bi mí pé bí òun bá tú ẹnìkejì òun sílẹ̀, tó wá sẹ́ ńkọ́? Mo lọ bá Káfíńtà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo kúnlẹ̀ sínú lẹ́búlẹ́bú pákó, mo jẹ́wọ́. Ó gbé ayùn sílẹ̀.

"Mo ti gbà pé ara mi ló tàn mí jẹ," ló wí. "Láti ọjọ́ náà, mi ò gba ọwọ́ mi gbọ́ mọ́. Títí dòní, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń wọn pákó kan kí n tó gé e."

Mo sunkún. Mo ní kó wá gba gbọ̀ngán rẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ gbọ̀ngán, kí n ṣáà sọ ọ́ fún yín lójú òun.

Òun ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, tó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin mú. Ó ní ọmọ náà fẹ́ kọ́ ìjà yìí, pé ẹni tó bá lè jẹ́wọ́ èyí lójú gbogbo yín lè kọ́ ọmọ òun. Ẹ̀yin ọmọ, kò sí ìtìjú nínú kéèyàn juwọ́ sílẹ̀. Sísẹ́ ẹ ni ìtìjú. Ẹ dárí jì mí. Ẹ sún fún ọmọ náà kó jókòó, kí ẹ sì bá mi bẹ bàbá rẹ̀ kí òun náà bọ́ bàtà, kó wọlé.