Sọ́kẹ́ẹ̀tì Tó Wà Lẹ́yìn Àpótí Ìyá Mi

Ẹ má tíì pe oníná kankan. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ láti àárọ̀. Ara mi ló ń kú lọ, etí mi kò tíì kú. Ẹ ní ẹ fẹ́ sọ yàrá ìsàlẹ̀ di ilé ìdáná fún àbíkẹ́yìn mi àti ọkọ rẹ̀, pé ẹ̀gbẹ́ ògiri apá ọ̀tún ni ẹ óò gbé ẹ̀rọ ìdáná oníná sí. Ẹ tún ní oníná yòówù ni ẹ lè pè, àfi Afínjú, torí pé wáyà tí Afínjú fà ló jó ìyá mi lọ́wọ́. Afínjú fúnra rẹ̀ ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn, ẹ ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni pé igi ni, kò sì fèsì. Ó dáa. Èmi ni mo fẹ́ fèsì. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn, ẹ jókòó, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé kí n sinmi. Ibi tí mò ń lọ, ìsinmi pọ̀ níbẹ̀.

Àwọn tó kéré nínú yín kò mọ̀ pé ibi tí bàbá yín ń gbé ọkọ̀ sí ni yàrá yẹn tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń ṣáàjì bátìrì. Òun fúnra rẹ̀ ló fa wáyà kan láti pálọ̀ gba inú ògiri lọ síbẹ̀, tó fi sọ́kẹ́ẹ̀tì kan sí ìsàlẹ̀ ògiri. Ọkọ mi mọ ọkọ̀ ọ́ wà, ó sì mọ àwàdà í ṣe, ṣùgbọ́n bó bá ti fọwọ́ kan wáyà, kí gbogbo ilé máa gbàdúrà ni. Lẹ́yìn tó kú, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í da ìyá mi láàmú ní ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, kò lè gun àtẹ̀gùn ibẹ̀ mọ́. Alágbàfọ̀ ni ìyá mi ní gbogbo ayé rẹ̀; aṣọ àwọn ẹlòmíràn ló lọ̀ tó fi tọ́ àwa méjèèjì dàgbà. Ẹ̀gbọ́n mi wá ń sọ kiri pé nínú gbogbo bí ilé mi ṣe tóbi tó, mi ò rí igun kan fún ìyá tó bí mi. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo ní mo máa sọ ibi ìgbọ́kọ̀sí yẹn di yàrá ìyá mi. Àmọ́ òfin ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sùn sínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, àfi bí ìnsípẹ́kítọ̀ iná bá wá yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì fọwọ́ sí ìwé pé kò séwu.

Ta ni mo tún fẹ́ pè bí kò ṣe àbúrò ọkọ mi? Èmi ni mo sọ ọ́ ní Afínjú nígbà tí mo wọlé ọkọ, torí bó bá ṣiṣẹ́ iná tán nínú yàrá kan, á gbálẹ̀ rẹ̀ ju bó ṣe bá a lọ. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n mo bá a nílé, ọkọ mi ni mo ń pè é, òun náà ń pè mí ní ìyàwó wa. Ó fa wáyà tuntun káàkiri yàrá náà, ó wá kì mí nílọ̀ pé kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bo ògiri kí òun tó ṣe tán, kí ìnsípẹ́kítọ̀ lè rí inú rẹ̀. Mo ní mo gbọ́. Irọ́ ni, mi ò gbọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni káfíńtà ráyè, ó ní bí òun bá lọ, ó di ìgbà kan. Ni mo bá ní kó kan pákó mọ́ gbogbo ògiri. A kùn ún ní búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì dùn ún wò. Nígbà tí Afínjú dé, ó dúró, ó ń wo pákó, ó ń wò mí. Ó wá rí sọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ yẹn, tí káfíńtà ti gé ihò fún bí ẹni tó ń ṣe wá lóore. Ó tú u, ó fa orí wáyà rẹ̀ síta díẹ̀. Irú wáyà ayé àtijọ́ tí wọ́n fi aṣọ wé ni. Bó ṣe fi ìka kàn án báyìí, aṣọ ara rẹ̀ rún dànù.

“Ìyàwó wa,” ó ní, “ẹ̀gbọ́n mi ló fa wáyà yìí, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n wáyà ikú ni. A gbọ́dọ̀ ṣí pákó yìí, ká fa gbogbo rẹ̀ jáde.”

Mo bá a jà. Mo bi í léèrè bóyá òun ló máa tún un kùn. Kò bínú. Ó ṣàlàyé pé wáyà náà so mọ́ iná pálọ̀ níbì kan nínú ògiri, òun kò sì lè já a kúrò láìrí ojú ibi tí wọ́n ti so ó. Ó dá sọ́kẹ́ẹ̀tì náà padà, ó lẹ tépù dúdú mọ́ ojú rẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki nǹkan kan bọ̀ ọ́. Iṣẹ́ kan ń dúró dè é ní ìlú mìíràn; bí òun bá ti dé, a ó ṣí ògiri, lẹ́yìn ìyẹn la óò tó pe ìnsípẹ́kítọ̀. Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Mo ń tún un sọ báyìí bó ṣe sọ ọ́ nítorí pé mo gbọ́ ọ yé yékéyéké.

Kò tíì dé tí ẹ̀gbọ́n mi fi kó ẹrù ìyá wa ránṣẹ́, tó ní òun ń gbé ìyá bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀, bóyá mo ti ṣe tán tàbí mi ò ṣe tán. Àpótí aṣọ ìyá mi wà nínú ẹrù náà, ìyá mi sì fiṣẹ́ rán wọn pé ìdí ibùsùn, níbi ẹsẹ̀ òun, ni kí n gbé e sí. Ni mo bá lọ pe ìnsípẹ́kítọ̀ fúnra mi. Kó tó dé, mo wọ́ àpótí yẹn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri apá ọ̀tún, mo fi dí sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Mo tún aṣọ orí àpótí náà ṣe kó lè rẹwà. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́. Ọkùnrin náà fi ẹ̀rọ rẹ̀ dán gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun wò, ó béèrè ẹni tó ṣiṣẹ́ náà. Nígbà tí mo dárúkọ Afínjú, ojú rẹ̀ tú ká. Ó ní bó bá jẹ́ iṣẹ́ ọkùnrin yẹn ni, ara òun balẹ̀. Ó wá béèrè bóyá gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà nínú yàrá náà lòun ti rí yẹn. Mo ní gbogbo rẹ̀ ni. Orí àpótí ìyá mi ló gbé ìwé lé tó fi fọwọ́ sí i.

Ìyá mi dé, inú rẹ̀ dùn, ó ń fọwọ́ pa ògiri búlúù yẹn bí ẹni ń pa ọmọ lórí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo jáde lọ ra òògùn rẹ̀. Àpótí tí mo gbàgbé láti gbé síbi tó ní kí n gbé e sí, ìyá mi tì í fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ dé ìdí ibùsùn. Bó ṣe rí sọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rò pé Afínjú ló lẹ tépù mọ́ ọn kí eruku má baà wọ̀ ọ́, torí òun mọ bó ṣe ń ṣe. Ó ṣí i, ó ki áyọ́ọ̀nù rẹ̀ bọ̀ ọ́. Búláòsì mi ló ń lọ̀. Ó fẹ́ kí n dé bá a ní lílọ̀. Wáyà gbóná lẹ́yìn pákó, iná sọ lára ògiri, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún láti fa áyọ́ọ̀nù yọ. Àwọn aládùúgbò ló já ilẹ̀kùn, tí wọ́n da yanrìn bo iná náà. Ìyá mi kò kú, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lẹ̀ pọ̀, kò sì ṣí mọ́ títí ó fi kú. Ọwọ́ tó fi bọ́ mi ni.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Gbogbo ẹbí pé sí pálọ̀ yìí, wọ́n ránṣẹ́ pe Afínjú, ó sì bá báàgì irinṣẹ́ rẹ̀ dé tààrà láti ibi iṣẹ́. Ó ní òun ti sọ fún ìyàwó wa. Gbogbo ojú yí sí mi. Ẹnu ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń wò, ẹnu tó ti ń sọ mí kiri tẹ́lẹ̀. Mo ro ohun tí ẹnu yẹn máa sọ lọ́la bí mo bá sòótọ́.

“Kò sọ nǹkan kan fún mi,” ni mo wí.

Afínjú wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀ gbé báàgì rẹ̀, ó ṣa ẹyọ wáyà kan tó já bọ́ lára rẹ̀ kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì jáde. Ilé-iṣẹ́ iná gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí ó ti fa iná sílé wọn ń pe ẹlòmíràn wá tún un yẹ̀ wò. Ẹ mọ ìyókù: géètì ilé-iṣẹ́ kan ló ń ṣí tó ń tì títí ó fi darúgbó. Ẹ máa ń rò pé bó ṣe fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́.

Ìyá mi mọ̀. Kò sọ ọ́ títí ó fi ku díẹ̀ kó lọ. Mò ń bọ́ ọ lóúnjẹ ni, ó ní, “Ìdí ibùsùn ni mo ní kí o gbé àpótí mi sí.” Ó tún la ẹnu kí n fún un lóúnjẹ, kò sì sọ̀rọ̀ náà mọ́. Ìbá sàn bó bá lù mí.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lónìí nìyí. Lẹ́yìn iná yẹn, birikilà ni mo pè, mi ò pe oníná, torí oníná yòówù tó bá fojú kan ibẹ̀ á mọ̀ pé wáyà aláṣọ yẹn kì í ṣe iṣẹ́ Afínjú. Birikilà fi sìmẹ́ǹtì bo gbogbo rẹ̀. Wáyà yẹn ṣì wà níbẹ̀, ó ṣì so mọ́ iná pálọ̀ tó wà lórí yín yìí, inú ògiri apá ọ̀tún gan-an ló sì wà. Ibẹ̀ lẹ fẹ́ lu ìṣó sí, kí ọmọ mi àti ọmọ tó wà nínú rẹ̀ máa dáná níbẹ̀. Mo ti fi ìtìjú sun ìyá mi. Mi ò ní fi sun ọmọ mi.

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ̀gbọ́n mi tí mo bẹ̀rù ẹnu rẹ̀ ti kú, ẹnu náà ti dákẹ́, ẹ̀rù rẹ̀ ni mo sì fi ba ayé ọmọlúàbí jẹ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dúró kí ògiri wà ní ṣíṣí, ẹ dúró. Bí ẹ bá ṣe é láṣìṣe, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní, nígbà tí kò tíì gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ọkọ mi, Afínjú, ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń gbé mi lọ sílé ìwòsàn, ẹ ò rí mi bí? Orúnkún yìí kò kúnlẹ̀ mọ́, ẹ bá mi kà á sí pé mo kúnlẹ̀. Ẹ ti sọ fún mi, mo sì gbọ́. Mo ní ẹ ò sọ, irọ́ ni mo pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Bí ẹ ò bá sì lè dárí jì mí, ẹ bá mi fa wáyà yẹn jáde kí n tó lọ, torí mi ò fẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn kàn án. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ pa iná ilé, ẹ gbé òòlù fún bàbá yín Afínjú. Ibi tí mo fi àpótí ìyá mi dí ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀.