Èémí Mi Ni, Kì í Ṣe Atẹ́gùn

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ìyá tó bí mi kò gbọ́ ọ títí ó fi kú. Ọkọ tí mo fẹ́, tí a sì ti kọ ara wa sílẹ̀, kò gbọ́ ọ. Ẹni tí mo ṣẹ̀ gan-an ṣì ń pè mí ní ọ̀rẹ́. Òun ló ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, iṣẹ́ tó rán sì ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Rùkáyà. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ṣakí la ti jọ lọ sílé ìwé girama. Láti Ìpàpó ni wọ́n ti mú mi wá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, n kò sì mọ ẹnikẹ́ni nínú ìlú. Àwọn ọmọ kíláàsì ń pè mí ní ará oko. Rùkáyà nìkan ló sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ibi tí ẹ bá ti rí i lẹ ó ti rí mi. N kò ní ẹlòmíràn.

Nígbà tó yá, ilé ìwé wa fẹ́ ṣe ìpàtẹ ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ ara wọn ṣe. Àwọn òbí máa wá, àwọn èèyàn ńlá ìlú náà máa wá. Tíṣà tó ń kọ́ wa ní fisíìsì ní kí èmi àti Rùkáyà ṣe ti òòfà. Inú mi dùn débi pé ṣe ni mo sáré délé.

A tú òòfà jáde lára àwọn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́. Èmi ni mo wá lẹ́búlẹ́bú irin. Mo máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn wẹ́dà, níbi tí wọ́n ti ń fi ayùn gé irin. Màá fi ọ̀rá wé òòfà kan, màá máa wọ́ ọ nílẹ̀ kiri. Tí mo bá ti yọ òòfà kúrò nínú ọ̀rá náà, gbogbo irin tó lẹ̀ mọ́ ọn á dà sínú agolo. Ọwọ́ mi dúdú. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí n má fi ọwọ́ yẹn kan ìkòkò òun.

Ẹ̀yin tí ẹ ò rí i rí, ó dùn ún wò. A gbé gíláàsì lé orí òòfà méjì, a tẹ́ bébà funfun sórí rẹ̀, a wá rọra wọ́n irin náà sí i. Tí a bá fi ìka ta gíláàsì náà, irin á dìde, á to ara rẹ̀ bí orí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Láti ọ̀dọ̀ òòfà kan, á tẹ̀ kọrọdọ lọ bá èkejì. A gbìyànjú rẹ̀ lóríṣiríṣi. Tí a bá yí òòfà kan padà kí wọ́n máa ti ara wọn, irin náà á yà sọ́tùn-ún sósì, àárín á ṣófo. Mo máa ń wo àárín tó ṣófo yẹn pẹ́. N kò mọ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí ìpàtẹ ku ọ̀la, tíṣà wá wo iṣẹ́ wa. Ó ní, "Rùkáyà, ìwọ lo máa ṣàlàyé fún àwọn àlejò. Ẹnu rẹ já gaara." Ó wá kọjú sí mi. "Ìwọ, máa bá a gbé agolo dání." N kò rò pé ó ní ibi kankan lọ́kàn.

Bó ṣe jáde, ó ku èmi àti Rùkáyà. Ooru ń mú wa, Rùkáyà bá ṣí fèrèsé. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tó máa sọ dánra wò. "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Èyí tí ẹ ń wò yìí, èmi ni mo ṣe é."

Èmi. Kò sọ pé àwa. Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ahọ́n rẹ̀ ló yọ̀. Àmọ́ lójú mi lọ́jọ́ yẹn, ńṣe ló dà bíi pé ó ní kí n dìde lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì, ó gbé ojú sún mọ́ bébà náà, ó ń wo bí irin ṣe tò. Èmi wà ní òdìkejì. Mo fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ bàjẹ́. Mo fa èémí sínú, mo sì fẹ́ ẹ jáde tagbáratagbára.

Mo búra fún yín, bébà yẹn ni mo fẹ́ bà jẹ́. N kò ro ti ojú rẹ̀ rárá.

Ó kígbe. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Kí ló wọ̀ mí lójú? Kí ni?"

"Eruku ni," mo ní. "Atẹ́gùn ló gbé e wọlé."

Kò rí mi. Mo yára gbá irin tó kù jọ sínú agolo, mo dé e. Tíṣà sáré wọlé, ó wò wá, ó ní, "Ṣé kì í ṣe irin yẹn ló wọ̀ ọ́ lójú?"

"Rárá, sà. A ti kó irin pa mọ́. Eruku ni."

Ó wo agolo tí mo dé, òun àti Rùkáyà sì gbà mí gbọ́. Wọ́n bu omi sí ojú náà. Bàbá Rùkáyà mú un lọ sí kẹ́míìsì, ó sọ fún wọn pé eruku ni, wọ́n fún un ní oògùn tí wọ́n ń kán sójú.

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, èmi ni wọ́n ní kí n ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Mo ń lọ kí Rùkáyà nílé. Ojú náà ń wú, ó ń pọ́n sí i, omi ń dà lójú rẹ̀. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo máa ń dé ẹnu ọ̀nà wọn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, màá tún gbé e mì. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn, irin ti dípẹtà sínú ojú. Dókítà ní ká ní wọ́n ti tètè sọ pé irin ni, òun ì bá rí nǹkan ṣe sí i. Ojú òsì náà kò ríran mọ́.

Wọ́n padà wálé. Mo ní ó ní láti jẹ́ pé irin díẹ̀ ló dà pọ̀ mọ́ eruku tí atẹ́gùn gbé, gbogbo èèyàn sì gbà. Bàbá rẹ̀ bi í níwájú mi pé, "Ta ló ní kó o ṣí fèrèsé?"

Rùkáyà kúnlẹ̀. "Èmi ni, bàbá. Ẹ má bínú."

Mo dúró síbẹ̀, mo ń wò ó lórí ìkúnlẹ̀.

Kò padà sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì mọ́, òun tó ń sọ pé òun máa di ẹnjiníà. Ìsẹ́yìn ló wà báyìí, ó ń ta òwú fún àwọn ahunṣọ. Èmi di tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Adó-Àwáyè. Àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá gun òkè wa láti wo adágún tó wà lórí rẹ̀, èmi kò gùn ún rí, torí n kò ní ẹni tí màá bá gùn ún. N kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ mi. Ọkọ mi ní ńṣe ni ilé wa dà bí ilé ẹni tó ń retí ọlọ́pàá. Kò parọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Rùkáyà fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ṣérífá, fẹ́ ṣe ti òòfà fún ìpàtẹ ilé ìwé wọn. Rùkáyà ní kò ní ṣe é, pé ọmọ òun kò sì ní ṣe sáyẹ́ǹsì láéláé. Ọmọ ń sunkún. "Ọ̀rẹ́ mi," ó ní, "ìwọ lo wà níbẹ̀. Wá bá mi sọ fún un bí atẹ́gùn ṣe da irin sí mi lójú. Sọ fún un pé àìgbọ́n ni mo fi ṣí fèrèsé. Tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, á gbà."

Mo lọ ní Sátidé. Mo ti pinnu pé màá sọ òtítọ́. Ó ti gún iyán dè mí. Ṣérífá kúnlẹ̀ kí mi, ó rọra sọ sí mi létí pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ màmá mi." Mo jókòó, mo jẹ iyán náà tán, mo ní orí ń fọ́ mi, mo sì wọ ọkọ̀ padà sí Adó-Àwáyè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ, ẹ gbà mí. Tí mo bá sọ ọ́, ẹnì kan ṣoṣo tó kù fún mi láyé á lọ. Tí n kò bá sọ ọ́, ọmọ ọlọ́mọ ló máa jìyà èémí mi. Mo mọ èyí tó tọ́. N kò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ yín. Bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ni n kò mọ̀. Ẹ bú mi tó bá wù yín, mo tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí Rùkáyà bá ṣílẹ̀kùn fún mi, tó bá rẹ́rìn-ín, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?